Ta Ló Ń Pe Àjàní?

Làbákẹ́ wo ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì títí ó fi jáde, ó wá yára yọ òwú kúrò létí bàbá rẹ̀. Ó ká aṣọ tí wọ́n fi bo ojú baba sókè, ó sì fẹnu sún mọ́ ọn létí, ó ń fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Àjàní. Àjàní o."

Baba ta gìrì. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó wo ọmọ tó bí bí ẹni ń wo àjèjì, ó sì nawọ́ sí rọ́bà afẹ́fẹ́ tó wà nímú rẹ̀. Làbákẹ́ di ọwọ́ náà mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ṣáà jí. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé baba wá láti Iléṣà sí Òṣogbo, sí wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le, nígbà tí èémí rẹ̀ kò já gaara mọ́. Kifayat, nọ́ọ̀sì ọmọ Òkè-Baálẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀, ti ṣàlàyé pé àìsùn nìkan tó láti da orí aláìsàn rú. Wọn kì í sáré fún èèyàn lóògùn oorun níbẹ̀. Tí ọ̀sán bá pọ́n, wọ́n á dín iná kù, wọ́n á dín ariwo maṣínì kù, wọ́n á bo aláìsàn lójú, wọ́n á dí i létí, ẹnikẹ́ni kò sì ní fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ á fi rọ̀. Àwọn yòókù ń hanrun. Baba nìkan ló ń sọ ìsọkúsọ.

Làbákẹ́ mọ ohun tó fà á. Ọlọ́run náà mọ̀ pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, wọ́n ní kí ó jẹ́ kí màmá sinmi, ó dákẹ́, màmá sì sun oorun àsùn-ùn-jí. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Láàárọ̀ yẹn, baba ti fa rọ́bà náà yọ. Dókítà ní bó bá tún ṣe é, àfi kí àwọn gún un lábẹ́rẹ́ oorun, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ náà lè gba ìwọ̀nba èémí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kifayat ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀sán yìí péré.

Nígbà tó padà wọlé tó bá baba lójúfò, ó dúró.

"Àǹtí, ṣé kò sí nǹkan tó ń jí wọn?"

"Kò sí o," ni Làbákẹ́ wí. Irọ́ náà ti jáde kó tó mọ̀.

Kifayat rò ó síwá sẹ́yìn, ó ní bóyá bàtà òun ló ń dún. Ó bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí ilẹ̀ tútù náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Làbákẹ́ ń wo ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tara bàbá rẹ̀ ló fẹ́ dákẹ́ yìí.

"Èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ń jí wọn. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Kifayat kò bá a wí. Ìbá sàn kó bá a wí. Ó kàn dá òwú padà sétí baba, ó ní maṣínì á máa ṣọ́ èémí, kí Làbákẹ́ di baba lọ́wọ́ mú, kó má sọ nǹkan kan.

Baba sùn. Lọ́pọ̀ ìgbà ni orúkọ náà dé ọ̀nà ọ̀fun Làbákẹ́, tó gbé e mì. Oòrùn ti ń wọ̀ kí baba tó lajú, kó tó fúnra rẹ̀ yọ òwú létí.

"Làbákẹ́, o ti jẹun?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, àmọ́ baba ti ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ìyá rẹ kò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ yìí. Àjàní, Àjàní, ṣáá. Ohùn rẹ̀ gan-an ni. Mo ní kí n yọ nǹkan wọ̀nyí nímú, kí n dìde bá a lọ." Ó mí kanlẹ̀. "Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́."

Làbákẹ́ la ẹnu láti ní kí wọ́n tún sùn díẹ̀. Ó pa ẹnu náà dé, ó sì rọra fa aṣọ bò wọ́n dé àyà.