Àga Kẹsàn-án

Iṣẹ́ wíwo nǹkan ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ni wọ́n máa ń gbé ìjókòó mi sí, èmi àti ìwé mi àti bírò. Bí òṣèré bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife tíì láàárọ̀, tó wá fi tòsì gbé e lọ́sàn-án nínú ìran kan náà, èmi ni màá pariwo pé, "Ó tì o, ọwọ́ ọ̀tún ni!" Wọn á sì tún un yà. Hester Tranmer lorúkọ mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ohun tí mo rí tí mi ò kọ sílẹ̀, àfi ẹyọ kan.

Ní oṣù kejì ọdún 1977, a kó lọ sí ilé ńlá kan ní Shropshire láti ya fíìmù apanilẹ́rìn-ín. Ẹ mọ irú ẹ̀. Wọ́n pa olówó kan sínú yàrá ìkàwé, yìnyín dí ojú ọ̀nà, àlejò mẹ́jọ há sínú ilé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó gbọ́n lójú ara ẹ̀ wá dé. Ó ń fi awò wo bàtà ara ẹ̀, ó ń fọ̀rọ̀ wá òkú lẹ́nu wò, ẹnikẹ́ni tó bá sì nàka sí, onítọ̀hún kọ́ ló ṣe é. Àwọn fíìmù àtijọ́ tí gbogbo wa wò dàgbà ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀.

Lionel Garside ló ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà. Òun gan-an ló sì ṣe ojúlówó ẹ̀ nígbà ayé ẹ̀. Fíìmù mẹ́sàn-án ló fi jẹ́ Septimus Crake, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín, tó máa ń fi ọ̀pá ẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dárúkọ apànìyàn. Ìgbà tó pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kò sẹ́ni tó ń pè é síṣẹ́ mọ́, àfi àwọn tó fẹ́ kó wá fi Crake ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbà.

Crake ní ìgbákejì kan nínú àwọn fíìmù àtijọ́ yẹn, Kápútéènì Mudge, ẹni tí kì í tètè lóye nǹkan. Wilfred Tansley ló ń ṣe é, ọkùnrin sísanra, onínúure, tó máa ń há bísíkíìtì sápò aṣọ eré. Ó ti kú láti ọdún 1955. Aláwàdà ọ̀dọ́ kan, Nicky Orme, ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ nínú tuntun yìí.

Ọ̀sẹ̀ kejì la dé ìran tí gbogbo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ máa ń ní, níbi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti máa kó gbogbo ilé jọ sí yàrá àlejò, tó máa sọ ẹni tó pànìyàn. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, oòrùn funfun ń tàn lórí yìnyín níta. Alf Pask, tó ń bójú tó ẹrù eré, ti to àga mẹ́jọ sílẹ̀. Mo kà wọ́n, mo kọ ọ́ sínú ìwé.

Lionel bẹ̀rẹ̀. Ó nàka sí ìyá arúgbó, ó ní òun ni. Ó nàka sí àlùfáà, ó ní òun ni. Ó dé ọ̀dọ̀ ajá, ó ní ajá ni. Gbogbo wa ń di ẹ̀rín mẹ́nu. Bó ṣe yíjú sí ojú fèrèsé báyìí, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu ẹ̀.

Graham Sneddon, olùdarí wa, ará Scotland, ní, "Kò burú, Lionel, ẹ sinmi díẹ̀. A óò tún un ṣe."

Èmi náà wo ojú fèrèsé. Àga kan wà níbẹ̀, ó dá wà, kò sẹ́ni lórí ẹ̀.

"Alf, àga mẹ́jọ la sọ."

"Mẹ́jọ náà ni mo kó wọlé."

"Wo ojú fèrèsé."

Alf wò ó, ó họ orí. "Ta ni aláìníṣẹ́ tó gbé eléyìí wá? Nicky, ṣé ìwọ ni?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mi ò lè gbé apá ara mi nínú òtútù yìí!"

Alf gbé e jáde. A tún un yà. Ìyá arúgbó, àlùfáà, ajá, fèrèsé. Lionel tún dákẹ́. Lójú mi báyìí, àga yẹn ti padà síbi tó wà. Alf búra pé ilé ìdáná lòun gbé e sí, pé òun sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹnìkan ń bá wa ṣeré. Mo dìde láti lọ gbé e fúnra mi.

Ìjókòó ẹ̀ tutù rinrin. Kì í ṣe pé ẹnìkan da omi sí i. Ó mu omi ni, bíi pé ẹni tí aṣọ ẹ̀ rin gbingbin ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, mo gbóòórùn ẹrẹ̀ àti ewé jíjẹrà. Mo mọ òórùn yẹn. Mo padà lọ jókòó, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù kọkànlá ọdún 1955 ni, fíìmù Crake tó gbẹ̀yìn. Ìran náà ò le rárá: Mudge ń fẹ̀yìn rìn létí adágún omi, ó ń rojọ́ tí kò nítumọ̀, ó ṣubú sínú omi; Crake dúró sórí ilẹ̀, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Nígbà àkọ́kọ́ tí Wilfred jábọ́ sínú omi, a rẹ́rìn-ín débi pé ẹni tó di iná mú fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù. Mo rí ojú Lionel. Ó ti yé e pé Mudge làwọn ènìyàn máa rántí délé, kì í ṣe òun. Mo sì rí ọwọ́ ẹ̀. Ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún nígbà tí kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, ó ti rọra gbé e sí òsì.

Mo pariwo, nítorí iṣẹ́ mi ni. Wọ́n fa Wilfred jáde, wọ́n nù ún, wọ́n wọ aṣọ gbígbẹ fún un, ó tún ṣubú. Ọ̀pá tún ti bọ́ sí òsì. Nígbà kẹta, Lionel wò mí lójú kó tó gbé e. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Tí mo bá sọ ọ́, ta ni wọ́n máa lé nínú èmi àti Septimus Crake? Mo ṣáà ń pariwo "ọ̀pá!", wọ́n ṣáà ń dá Wilfred padà sínú omi títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Òtútù wọ̀ ọ́ láyà. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú.

Ohun tí mi ò kọ sínú ìwé nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i ká tó jẹun," ni Graham wí. "Lionel, ẹ má dúró lójú fèrèsé mọ́, ẹ ṣáà máa bọ̀ lọ́dọ̀ Nicky."

Lionel ní òun ti gbọ́. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Ó fo ìyá arúgbó, ó fo àlùfáà, kò tilẹ̀ wo ajá. Ó lọ tààrà sí iwájú àga tó dá wà yẹn, ó dúró. Ó ṣí fìlà.

Ó ní, "Èmi ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Èmi ni."

Nicky ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àlùfáà tẹ̀ lé e, ẹ̀rín wá gba gbogbo ilé kan. Graham sáré wá, ó gbá Lionel mọ́ra. "Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fúnra ẹ̀! Ọlọ́run mi, ẹ kú iṣẹ́! Kí ló dé tí àwa ò ronú kàn án? Bó ṣe máa parí nìyẹn o. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan!"

Mo bá Lionel nínú yàrá tí wọ́n ti ń múra. Wọ́n ti gbé búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun wá fún un, kò tọ́ ọ wò.

"Ṣé ìwọ náà rí i?" ló bi mí.

"Àga ni mo rí, sà. Ó tutù."

"Èmi rí i. Ó jókòó síbẹ̀, omi ń kán ní fìlà ẹ̀. Kò bínú, Hester. Ó ń retí kí n sọ tèmi tán kó lè sọ tiẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe."

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn."

"Kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn? Ogójì ènìyàn ló gbọ́ ọ." Ó gbójú sókè. "Ìwọ náà mọ̀ nígbà yẹn."

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀rù yín bà mí, sà."

Ó mi orí, bíi pé ohun tóun náà ti rò nìyẹn. A jókòó títí wọ́n fi pè wá. Àga náà ò hàn mọ́ lọ́sàn-án yẹn, kò sì padà wá títí a fi kúrò nílé náà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni fíìmù jáde. Mo lọ wò ó ní London, ní sinimá tó kún dẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí Lionel dúró síwájú àga yẹn tó ní "Èmi ni," àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀rọ̀ tó kù ò wọ etí ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó jókòó tì mí gbá mi lórúnkún. "Wo ojú ẹ̀! Ẹ wo ojú ẹ̀!" Mo wò ó. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ rí lára ẹni tó wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ yẹn gba ìgboro. Awakọ̀ takisí á rí Lionel, á yọ orí síta: "Bàbá, ta ló ṣe é?" Kò ní jẹ́ kó lọ àfi tó bá dáhùn. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń ké e tẹ̀ lé e. Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. "Mo ń sọ ọ́ ṣáá, Hester. Wọn ò gbọ́." Nígbà tó yá, kò jáde nílé mọ́. Ọdún 1981 ló kú. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yẹn níbi ìsìnkú ẹ̀ pàápàá, ẹ̀rín sì sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hastings. Ọmọbìnrin Wilfred, Avis, ní ṣọ́ọ̀bù fìlà lẹ́bàá òkun. Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà tí mo wọlé, ó ń rán òdòdó mọ́ etí fìlà kan. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀pá, omi, ariwo tí mo ń pa.

Nígbà tí mo parí, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Mo lọ wo fíìmù yẹn," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi."

Ó gbé fìlà náà sílẹ̀.

"Nígbà tí bàbá mi bá ń jáde nínú omi, kí ló máa ń sọ?"

"Èmi ló máa ń wò. Á ní, 'Ṣé ó ti dáa báyìí, Hester?'"

"Kí lẹ máa ń dá a lóhùn?"

"Mo máa ń ní kò tíì dáa."

Ó fa fìlà sún mọ́ra, ó wá ibi tí abẹ́rẹ́ dé, ó sì ń rán nǹkan ẹ̀ lọ.

"Tẹ́ ẹ bá ń jáde," ló wí, "ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ń wọlé."

Mo jáde, mo sì tì í.