Họ́ọ̀nù Des

Èmi Glenys Pascoe ni alága káńsù Tarranook, èmi náà ni mo sì dìbò tó pa ẹ̀gbọ́n mi. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi mú ọ̀rọ̀ náà rọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni owó ká lọ́dún náà. Sáírínì tó wà lórí òrùlé àwọn panápaná ti yadi, odò wa kì í sì í ránṣẹ́ kó tó wọ̀lú. Ṣùgbọ́n iná ọkọ̀ àwọn òbí ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin fi ń ṣe ìdánrawò nírọ̀lẹ́. Tayla, ọmọ ọmọ mi, ti ṣubú nínú òkùnkùn, eegun èjìká rẹ̀ sì kán. Káńsẹ́lọ̀ mẹ́ta dìbò fún sáírínì, mẹ́ta dìbò fún iná pápá. Ó wá ku èmi.

Des, ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gbé lókè odò, tó sì ń bá wa ṣọ́ bí omi ṣe ń ga sí, dìde láàárín àwọn ará ìlú.

"Glen, tómi bá dé, kí ni kí n fi pè yín? O mọ̀ pé fóònù kì í ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi tójò bá ti ń rọ̀. Ṣé kí n máa súfèé ni?"

"Họ́ọ̀nù ẹ ńkọ́? Èyí tó o máa ń tẹ̀ tí màlúù fi ń sá lọ?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu ẹ yìí!" ni Des wí, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Àwàdà ni mo ṣe. Akọ̀wé wa, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣòfò, kọ ọ́ sínú ètò pàjáwìrì: họ́ọ̀nù gígùn lẹ́ẹ̀mẹta láti orí òkè. A fọwọ́ sí i, mo sì dìbò fún iná.

Níbi bọ́ọ̀lù wa, a máa ń páàkì yí pápá ká ni, a ó jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú páì ẹran gbígbóná. Tí ọmọ wa bá gbá góòlù, a kì í pàtẹ́wọ́, họ́ọ̀nù là ń tẹ̀. Bàbá mi náà tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ èyí lára àwa tí a fọwọ́ sí ìwé yẹn, kò sì sẹ́ni tó rántí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, òjò ti rọ̀ lókè fún ọjọ́ méjì, tiwa ò ju ìrì lọ. Des ò wá. Tayla já bọ́ọ̀lù gbà, ó sáré, ó gbá a gba àárín òpó kọjá, góòlù rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìgbà tí eegun rẹ̀ ti jinná. A tẹ họ́ọ̀nù bíi wèrè. Bí a ṣe dákẹ́, a gbọ́ òmíràn láti orí òkè, lódìkejì odò. Ó gùn, ó sì jẹ́ mẹ́ta.

"Des nìyẹn!" ni Merv, ọkọ mi, wí. "Ó ti rí góòlù yẹn látibẹ̀!"

"Kò ní jẹ́ ká gbádùn!" Mo tẹ tèmi dá a lóhùn. Bí ogójì ọkọ̀ tẹ̀ lé mi. Ó tún tẹ̀ ẹ́, a tún dá a lóhùn, à ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìgbà kẹrin, ó dákẹ́.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ni Merv wí.

Kò rẹ̀ ẹ́. Ó rí i pé ohun tí òun ń sọ kò yé wa, ó wa ọkọ̀ forí lé afárá kékeré, kó lè wá fẹnu sọ ọ́. Ẹnì kan tó lọ tọ̀ lẹ́yìn igi ló rí ọkọ̀ Des nínú omi, tí iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Igbe ẹni yẹn la fi mọ̀ pé omi ti dé. A kó àwọn ọmọ lọ sórí ilẹ̀ gíga, gbogbo wọn ló yè. Omi bo pápá dé ìdajì òpó góòlù. Ọjọ́ Mọ́ńdè la tó rí Des.

A ti ní sáírínì tuntun báyìí. Iná pápá náà ń tàn. Àtẹ́wọ́ là ń pa fún góòlù, Tayla kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́.

"Ká ní mi ò gbá góòlù yẹn ni," ó sọ fún mi, "ẹ̀ bá ti gbọ́ ohun tó ń sọ."

"Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ."

"Ẹ̀bi ta wá ni, Nana?"

Mo ní, "Èmi ni, ọmọ mi."

Kò bá mi jiyàn.