Àádọ́ta Ìṣẹ́jú Tí Bàbá Alaago Jí

Ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é tán kí ó tó rántí pé òní ni ọjọ́ ọsibítù.

Ó dúró lábẹ́ aago ara ògiri nínú pálọ̀, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà ní balùwẹ̀ níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń wẹ̀. Ó ṣí gíláàsì ojú aago, ó fi ìka kan ti ọwọ́ gígùn síwájú, àádọ́ta ìṣẹ́jú géérégé, ó pa gíláàsì dé. Ó mú fóònù kékeré tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ṣe tiyẹn náà bẹ́ẹ̀. Kò ju ìgbà tí èèyàn fi ń fun imú lọ. Ó ti padà sórí àga kí ó tó yé e pé aago mọ́kànlá òní ni dókítà ń retí wọn. Ó fẹ́ dìde padà, àmọ́ ìrora ti ki ẹ̀mú bọ ìbàdí rẹ̀, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ sì ti dún.

"Bàbá wọn, aago mélòó ló lù?"

Ó wo ara ògiri. "Mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Kí ni mò ń fọ̀ lára láti ìgbà yìí? Ọjọ́ kàn ń sáré ṣáá lójú mi, bí ẹni tí ajá ń lé. Ẹ wọ bàtà yín. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ wa títí kí wọ́n fi wá sílẹ̀."

Ó wọ bàtà. Kí ló tún kù tí ó lè ṣe?

Bàbá Alaago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò sí aago ọwọ́, aago orí tábìlì tàbí aago ògiri tí ó kú tí kò lè jí. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni àkàbà yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tí ó ti ń tún aago ńlá orí ilé ìkówèésí kan ṣe. Ó fi ẹ̀yìn gbalẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó dìde, ó rìn, ṣùgbọ́n ìrora náà kò dúró ní ọsibítù. Ó tẹ̀lé e wálé, ó sì di ará ilé. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ó máa ń jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ tí òógùn á bo ojú awò tí ó fi ń wo inú aago, kì í sì í ṣe pé oòrùn mú.

Nígbà tí oògùn kéékèèké kò ràn án mọ́ ni dókítà, obìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, kọ oògùn líle fún un. Hóró kan ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ọ̀kan ní méjì ọ̀sán, ọ̀kan ní mẹ́wàá alẹ́. "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ìrora máa pàṣẹ fún yín," ni obìnrin náà wí. "Aago ni kó máa pàṣẹ. Oògùn yìí máa ń di bárakú, ó máa ń fọwọ́ kan èémí, oorun tó ń mú wá kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ mu ọtí sí i. Ẹ ò gbọdọ̀ lo oògùn oorun mọ́ ọn. Ta ni yóò máa bá yín tọ́jú ẹ̀?"

"Èmi ni," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Ó kó oògùn sínú agolo tó ní kọ́kọ́rọ́, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó ra ìwé tí yóò máa kọ wákàtí sí.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ lọ bó ṣe yẹ. Ní oṣù kẹta, ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í ṣáájú aago dé. Aago kan kò ní tíì lù, á ti máa wo ọrùn ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn, fún mi."

"Aago kò tíì tó, ọkọ mi." Jẹ́ẹ́jẹ́ ló máa ń sọ ọ́, ògiri ló sì máa ń wò tí ó bá ń sọ ọ́, kì í wo ojú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni èrò náà ti wọlé. Obìnrin yìí gba aago gbọ́ ju bó ṣe gba òun gbọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, ta ló ni aago?

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí ó ti ń tì í síwájú lówùúrọ̀, tí ó sì ń dá a padà tí ìyàwó bá ti sùn. Oògùn ọ̀sán ń tètè dé, ti alẹ́ ń tètè dé. Àmọ́ òru ni ó fi gbogbo rẹ̀ san. Òru gùn sí i ni, ìrora á jí i nígbà tí mẹ́fà òwúrọ̀ ṣì jìnnà, á máa yí bí ẹja inú àwo. Nítorí ìyẹn ni ó fi gba ilé oògùn kan lọ, ní òpópónà tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ó ra oògùn oorun. Ó ń fi ààbọ̀ hóró kún ti alẹ́. Àpò awò ojú rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì wà ní àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ báyìí bí wọ́n ṣe ń wọ ọsibítù.

Akọ̀wé ẹnu ọ̀nà wo káàdì wọn. "Ẹ káàárọ̀, màmá. Ẹ tètè dé lónìí. Aago mọ́kànlá ni tiyín."

"Níbo la ti tètè dé? Mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú ni."

Akọ̀wé nàka sí ògiri. Mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn? Ara ẹ̀ ni kò yá. Orí yín sì bá yín ṣe é, dókítà irú wọn ló dúró yìí."

Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan tó fi igi sábẹ́ abíyá wo ọwọ́ rẹ̀. "Màmá, tèmi náà ní mẹ́wàá ku mẹ́wàá o."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún ẹ̀yin àti aago yín ní bẹ́ẹ̀dì kan náà, kí ẹ jọ gba abẹ́rẹ́." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ bá mi dá wọn lóhùn."

Gbogbo ojú ṣù bò ó.

"Ó lè jẹ́ bátìrì ló ń kú lọ," ni ó wí.

"Ti ta ni?"

"Tiwọn."

Ìyàwó rẹ̀ mi orí sí akọ̀wé, bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́. Ó ṣe tán láti sọ sí i, àmọ́ nọ́ọ̀sì yọ orí: ẹni tí ipò kàn kò wá, kí Bàbá Alaago máa bọ̀.

Dókítà ṣí ìwé náà. Ó kà á láti ojú ìwé dé ojú ìwé, ó ń fi bíírò tọ ìlà. Mẹ́fà, méjì, mẹ́wàá. Mẹ́fà, méjì, mẹ́wàá.

"Mi ò tíì rí ìwé tó mọ́ tó báyìí. Bàbá, ìrora ńkọ́? Nínú mẹ́wàá?"

"Mẹ́jọ."

"Oorun?"

"Kò sí."

"Ó wà, àmọ́ mi ò fẹ́ irú ẹ̀," ni ìyàwó gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Tí wọ́n bá kọ́kọ́ sùn, wọ́n á han-anrun, á wá dákẹ́ lójijì bí jẹnẹrétọ̀ tí epo tán nínú ẹ̀. Mo máa ń kà á. Mo máa ń ka ení, èjì, títí wọn á fi mí. Tẹ́lẹ̀, mẹ́wàá ni. Lálẹ́ àná mo kà á dé méjìdínlọ́gbọ̀n, mo wá gbá wọn létí."

Ó yíjú wo ìyàwó rẹ̀. Etí òsì rẹ̀ ta á láàárọ̀ yìí, irọ̀rí ló rò pé ó tẹ̀ ẹ́.

Dókítà fa ojú ro. "Oògùn mìíràn wà tí wọ́n ń lò?"

"Kò sí. Èmi ni mò ń tọ́jú gbogbo oògùn wọn."

"Mi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ èémí yìí, a ó yẹ̀ ẹ́ wò láàrin ọ̀sẹ̀ yìí. Àmọ́ tí wọ́n bá ń lò ó déédéé tó báyìí tí ìrora ṣì wà ní mẹ́jọ, ó jọ pé oògùn náà kò ká a ni. N ó fi díẹ̀ kún ti alẹ́ ná."

Ó fa ìwé oògùn súnmọ́ ara rẹ̀. Bíírò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ohun tí Bàbá Alaago ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, ó ń bọ̀ wá bá a níbi tí ó jókòó sí. Kò ní jí i, kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Kí ó ṣáà dákẹ́ ni. Ó wo bíírò. Ó gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èémí tó ń lọ tó ń bọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní láti kà. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Obìnrin náà jókòó sínú òkùnkùn, ó ń kà.

"Aago tó wà níta yẹn," ni ó wí, "kò sí ohun tó ṣe é."

Bíírò dúró. "Ẹ ní kí ni, bàbá?"

"Tilé wa ni kò dáa. Èmi ni mò ń tì í síwájú."

Dókítà kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyàwó ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yé, díẹ̀díẹ̀, láti ojú dé ẹnu. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí àga ọkọ rẹ̀.

"Aago nìkan?" ni dókítà bi í.

Bàbá Alaago ki ọwọ́ bọ àpò àyà. Ó ṣí àpò awò ojú, ó gbọn án sórí tábìlì. Hóró funfun mẹ́fà yí jáde, àti ààbọ̀ kan.

Dókítà wò wọ́n. Ó ya ìwé tí ó ń kọ sí méjì. "Bàbá, tí ẹ bá gba ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, tí ẹ fi èyí lé e lórí, màmá á máa ka ení, èjì, kò ní gbọ́ èémí tó tẹ̀ lé e."

Dókítà rẹ ohùn sílẹ̀. Kò ní lé wọn. Ẹni tí oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lẹ́yìn kì í ṣe ọ̀daràn, àmọ́ kò ní fi kún ohunkóhun lónìí. Oògùn oorun yóò wà lọ́wọ́ òun, òun yóò sì sọ bí wọn yóò ṣe jáwọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èémí náà di tòní, wọn kò ní lọ sílé kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń na ẹ̀yìn yóò rí i. "Ṣùgbọ́n wákàtí òtítọ́ ni mo nílò. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ni ẹ ó ṣì máa tọ́jú oògùn?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ná."

Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Àyè ẹnì kan wà láàrin wọn. Obìnrin náà na ìwé àti bíírò sí i láìwò ó. Ọkọ rẹ̀ ń kọ, ìbàdí rẹ̀ ń ta bí ẹni tí wọ́n fi irin gbígbóná wọ́ lẹ́yìn. Aago méjì ṣì jìnnà.

"Obìnrin tó ń ta bọ́tìnì," ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó yá. "Mo bú u lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ó ya ọ̀lẹ, pé kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lásìkò. Ẹ jókòó sílé, ẹ mọ̀ pé mo ń lọ bú ọmọ ọlọ́mọ."

"Mo mọ̀."

"Mo rò pé orí mi ló ti ń dàrú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà sí i."

Ó ń kọ lọ. Ó rántí gbogbo wákàtí náà dé ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó parí, obìnrin náà gba ìwé, ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì jẹ́ẹ́jẹ́. Ó dúró sórí ìlà kan.

"Ti ọjọ́ Ẹtì yìí ńkọ́? Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bọ́ kọ́kọ́rọ́ fún yín kí ẹ fún ara yín."

"N kò fọwọ́ kan aago lọ́jọ́ náà."

"Aago mélòó lẹ lò ó?"

"Méjì."

"Méjì ti ta ni?"

"Méjì gidi. Mo jókòó ti agolo náà láti ọjọ́kanrí, mi ò ṣí i."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó gbé ojú kúrò. "Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbà á gbọ́," ni ó wí. "Ẹ ti bà á jẹ́ fún mi."

"Mo mọ̀."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn dókítà.

"Dókítà, wọ́n ti kọ ọ́ tán. Èmi náà ni n ó ṣì máa tọ́jú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ fún wa ohun tí a ó ṣe láti ìsinsìnyí títí di aago méjì, nítorí ìrora ti mú wọn báyìí."