Ọmọ Adíkálà Méjì

Ìyá Ajá ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà, kò sì bínú sí i. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń sin àwọn ajá kékeré oníirun, àwọn tí kò tóbi ju ológbò lọ, tí ẹnu wọn rí ṣóńṣó. Yàrá méjì ló ní. Òun ń sun ọ̀kan, àwọn ajá ń sun èkejì, ṣùgbọ́n tí òtútù bá mú, yàrá kan náà ni gbogbo wọn ń dì mọ́ra wọn sí.

Dúdú ni àwọn ajá rẹ̀ kọ́kọ́ ń bí, lẹ́yìn náà pupa rúsúrúsú. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà ò fẹ́ ìyẹn mọ́. Adíkálà ni wọ́n ń béèrè: ajá aláwọ̀ eérú tí dúdú ta sí lára káàkiri bí ẹni pé ẹnìkan gbọn tàdáwà sí i. Ó wá abo adíkálà kan rà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.

Dókítà ẹran tó ń bá a tọ́jú wọn sọ ọ́ fún un lójúkojú. "Mà, ẹ má jẹ́ kí akọ adíkálà gun abo yìí o. Ohun tó ń fọ́ àwọ̀ irun wọn yẹn, tó bá wá láti ọ̀dọ̀ òbí kan, kò burú. Tó bá wá láti ọ̀dọ̀ méjèèjì, á nu àwọ̀ ọmọ náà kúrò pátápátá, á sì ba etí àti ojú rẹ̀ jẹ́."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Ohun tó ká a lára jù nígbà tó yá nìyẹn.

Akọ adíkálà kan wà lọ́wọ́ ará ilé kejì. Ìyá Ajá ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ó sì jẹ́ kó gun abo tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan là ń bàjẹ́, ọjọ́ gbogbo lara ń tini.

Mẹ́rin ni ọmọ. Méjì jẹ́ adíkálà, ọ̀kan dúdú, ìkẹrin funfun báláú, kò ní àmì kankan lára. Nígbà tí ojú wọn là, ojú ti ìkẹrin yìí kéré, ó sì rí bí aró tí wọ́n ti bomi là. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìdérí ìkòkò já bọ́ sílẹ̀ nínú yàrá. Mẹ́ta fò sókè, funfun ń sùn. Ìyá Ajá mú ìdérí náà, ó mọ̀ọ́mọ̀ tún jù ú sílẹ̀. Funfun ń sùn. Ó ní ó yó ni. Ó ní oorun ọmọdé wúwo. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá ọ̀rọ̀ tì.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀sì kan wá ra ajá fún bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló sì máa ń wà nílé lọ́sàn-án. "Funfun yẹn ni mo fẹ́, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ojú Bàbá ò dá mọ́, kó lè máa rí i nílẹ̀."

Ìyá Ajá la ẹnu, ó sì pa á dé. Ó gbé ajá náà fún un.

Kò pé oṣù kan tí fóònù rẹ̀ fi dún láàárín ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì ni. "Mà, ṣé ó ní ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà pe ajá yìí tó fi ń dáhùn? Ó gba ẹnu géètì jáde láàárọ̀, Bàbá mi sì tẹ̀ lé e. A ò tíì rí ìkankan nínú wọn."

Òjò ń rọ̀. Ìyá Ajá fi ìborùn tó wà lọ́rùn rẹ̀ bo orí, ó sáré jáde. Ó bá nọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n jọ ń wá òpópónà kan tẹ̀ lé òmíràn. Nọ́ọ̀sì ń súfèé, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń pe ajá, ó tún ń pe Bàbá. Nígbà tó yá, Ìyá Ajá dì í lápá mú.

"Ẹ má pè é mọ́. Kò gbọ́."

"Kò gbọ́ báwo?"

"Etí rẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Kò sì dá mi lójú pé ó ń ríran."

Nọ́ọ̀sì dúró sínú òjò. "Ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó gbé e fún mi."

"Mo ti mọ̀."

Nọ́ọ̀sì ò bú u. Ó kàn yíjú kúrò lára rẹ̀, ó ń lọ.

Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti tì pa ni wọ́n ti rí Bàbá. Ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá páìpù kọnkéré kan tí omi òjò ń gbà kọjá, ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. "Ó wà nínú ibí," ló wí. "Mo ń rí funfun rẹ̀. Láti àárọ̀ ni mo ti ń pè é. Olóríkunkun ni."

Omi náà ń ga sí i. Páìpù náà ò gba èèyàn. Ìyá Ajá dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó na ọwọ́ wọlé títí dé èjìká, kò tó o. Ó tú ìborùn rẹ̀. Orí ìborùn yìí ni abo adíkálà tó bí funfun sùn mọ́jú, òórùn rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ náà. Ó so ó mọ́ igi kan, ó tì í wọlé. Ajá náà sún sẹ́yìn. Omi ti dé àgbọ̀n Ìyá Ajá. Ó ń bẹ̀bẹ̀, kò sì mọ ẹni tó ń bẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti kú tipiri nígbà tí nǹkan fa aṣọ náà díẹ̀. Ó fà á bọ̀ wẹ́rẹ́. Ajá jù ú sílẹ̀. Ó tún tì í wọlé, ó dúró. Nígbà tí ajá tún fi ẹnu gbá a mú, Ìyá Ajá rọra fà á títí ó fi sún mọ́tòsí, kò jẹ́ kó jù ú sílẹ̀ mọ́, ó nawọ́ gán ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó fà á jáde. Ó ń gbọ̀n bí ewé, ṣùgbọ́n ó ń mí.

Bàbá gbà á, ó tì í sínú ẹ̀wù. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì sọ òtítọ́ fún un.

Bàbá wo ajá náà nínú ẹ̀wù rẹ̀. "Oríkunkun kọ́ nígbà náà."

"Rárá, Bàbá."

"Mo fi bàtà nà án lánàá. Mo nà án níjẹta. Mo ní ó ń fojú di mí."

Ìyá Ajá kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sílé. Màá tọ́jú rẹ̀."

"Ajá mi ni," ni Bàbá wí. "Ìwọ lo mọ̀, o ò sọ. O sọ mí di ìkà sí ẹran tí kò gbọ́ ohùn mi. Má dé ilé mi o."

Lọ́sẹ̀ yẹn, Ìyá Ajá gbé abo adíkálà lọ bá dókítà ẹran pé kó ṣe é kó má bímọ mọ́. Dókítà sì ṣe é. Ìyá Ajá pe àwọn tó ra àwọn ọmọ yòókù, ó sọ fún wọn pé adíkálà méjì ló bí àwọn ajá náà. Ẹnìkan dá tirẹ̀ padà, ẹnìkan bú u.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí nọ́ọ̀sì tó pè é. Ó ní Bàbá ti fi okùn so ajá mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ibi tí ọ̀kan bá lọ ni èkejì ń lọ, tí oúnjẹ bá sì ti délẹ̀, Bàbá á fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ kó lè mọ̀. Ìyá Ajá fẹ́ béèrè bóyá Bàbá ti dárí ji òun, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní wọ́n ń pe òun láti wọ́ọ̀dù, ó sì pa fóònù. Títí dòní, tí Ìyá Ajá bá fẹ́ lọ sọ́jà, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà, kó má baà kọjá níwájú ilé Bàbá.