Bọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Tú Ẹ̀gbẹ́ Rẹ̀

Kò sí ibi tí télọ̀ kò wọ̀n rí lára ìyàwó rẹ̀: àyà, ìbàdí, apá, ọrùn. Òun ló ń rán gbogbo aṣọ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ohun kan ṣoṣo tí kò wọ̀n rí ni gígùn obìnrin náà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Aṣọ wo ló ń bẹ̀rẹ̀ láti àtàrí?

Ìyẹn ló kó o sí wàhálà lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì parí.

Bọ́ọ̀sì ńlá ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù, tí èèyàn lè nàró nínú rẹ̀. Télọ̀ rà á nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun àti ìyàwó òun yóò máa fi í rìn kiri, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọn yóò sùn. Ó fi pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí bí ọkọ̀ bá yà ní kọ́nà. Ó rán kọ́tìnì tó ní rọ́bà lókè àti nísàlẹ̀, kó má baà máa jó kiri. Ẹ̀yìn pátápátá ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí, ní ìbú. Kó lè dá a lójú, ó dùbúlẹ̀: orí kan ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ kan ìkejì. Ó ṣe rẹ́gí!

Ó gbàgbé pé ìyàwó ga jù ú lọ.

"Bàbá wọn," obìnrin náà pè é láti orí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, "ta lẹ tẹ́ eléyìí fún?"

"Àwa méjèèjì ni."

"Ẹ̀yin àti ẹni kúkurú wo? Bí mi ò bá lè na ẹsẹ̀, mi ò lọ o. Ẹ dá lọ."

Télọ̀ ò fẹ́ dá lọ. Ta ni yóò máa bá ṣe àríyànjiyàn lójú ọ̀nà? Ó rò ó kó yí bẹ́ẹ̀dì sí gígùn, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù àti kẹ́ẹ̀gì omi ti gba ibẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín. Bí aṣọ bá fún mọ́ oníbàárà lára, ṣé oníbàárà là ń gé ni?

Ó ké sí wẹ́dà tó ń jó irin mọ́ irin ní òdìkejì ọ̀nà. "Wá bá mi tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

"Ọ̀gá, bọ́ọ̀sì nìyí o, kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì."

"Mo mọ̀. Gé ihò síbi tí ẹsẹ̀ ìyá wọn kan, kí o jó àpótí irin mọ́ ọn níta."

Ó fi téèpù wọn ìyàwó láti àtàrí.

"Ẹ mú ọwọ́ kúrò ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi jàre, ẹ̀rín ń pa mí!"

Ó fi ìbú ọwọ́ kan kún un, bó ṣe máa ń ṣe fún aṣọ ọmọdé.

"Ṣé mo ṣì ń dàgbà ni?"

Wẹ́dà gé e, ó jó o, ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo ojú ibi tó jó kí òjò má wọlé. Télọ̀ tẹ́ fóòmù sínú rẹ̀ kí irin gbígbóná má jó ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀sì wá dà bí ẹni tí eyín ń dùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ yín ti sanra lápá òsì o," ni wẹ́dà wí. "Ẹ máa rántí bí ẹ bá fẹ́ gba ibi tó há."

Ìyàwó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọkùnrin méjèèjì dúró.

"Ìyá wọn, ṣé ẹsẹ̀ ń kan ibì kan?"

Ìhanrun ló dá a lóhùn.

Nígbà tó jí, ó jáde, ó na ara, ó lọ jókòó síwájú, ó so bẹ́líìtì mọ́ra.

"Ẹ bọ́ sọ́kọ̀, Bàbá wọn. Kí lẹ ń dúró wò?"