Ẹni Tó Wá Polówó Abúlé Ìyá Rẹ̀

Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó nawọ́ sí akọ̀wé náà. Ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ fúnra rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lérí, ó sì gun òkè lọ síbi tó ti ń gbọ́ ìró àáké. Kì í ṣe pé wọn ò rí i. Àwọn obìnrin tó ń sá ẹja létí omi wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n sì gbójú kúrò lára rẹ̀ bí ẹni tó rí ìgbẹ́ adìyẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Iṣẹ́ tó gbé e wá kò le lójú ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀ ló ń bá kọ̀wé. Bí wọ́n bá ti rí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, òun ni yóò kọ ọ̀rọ̀ tí yóò fa ojú àwọn arìnrìn-àjò àti olówó mọ́ra. Ó sì mọ̀ ọ́n kọ. Ó lè kọ̀wé nípa ààtàn títí tí wàá fi fẹ́ kọ́lé sí i. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ gbọ́ pé abúlé tó wà nínú igbó kìjikìji yìí ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀, inú ọ̀gá dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

"Ọmọ onílé ni ẹ́ nìyẹn!" ni ọ̀gá wí. "Wọn ò ní lé ẹ."

Òótọ́ ni, wọn ò lé e. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, bàbá agbẹ́kọ̀ kan tí apá rẹ̀ le bíi gbòǹgbò igi, fún un ní yàrá tí wọ́n ń kó àwọ̀n tó ti ya sí. Ṣùgbọ́n nígbà tó kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," àáké ló dá a lóhùn. Ó tún kí i, ó ní ìyá òun ní kí òun kí wọn.

"Ìyá ẹ?" Bàbá ò gbójú sókè. "Ìyá ẹ tó fi ibí sílẹ̀ lọ́mọge, tí a sin ìyá tó bí wa tí kò yọjú? Tó bá ní kó o kí mi, o ti kí mi. Yàrá ẹ wà lọ́hùn-ún."

Láti ọjọ́ náà, akọ̀wé ń rìn káàkiri abúlé tòun ti fóònù lọ́wọ́. Bó bá dúró láti ya fọ́tò ilé kan, onílé á pa fèrèsé dé. Bó bá béèrè ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ibi tí omi ti ń dà láti orí àpáta, ẹni tó bi á ní, "Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń débẹ̀." Ìyàwó agbẹ́kọ̀ ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó sì ń kó abọ́ kúrò láìsọ̀rọ̀. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí òun náà. Kí ló fi ṣe wọ́n? Ṣé òun ló ní kí ìyá òun má wálé ni? Ó jókòó sáàárín àwọ̀n tó ń rùn, ó fajú ro, ó sì ń kọ ọ̀rọ̀ tó dùn ju oyin lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò dé lójijì. Ẹni tó wà nítòsí sá sí abẹ́ àtíbàbà tí bàbá ti ń gbẹ́ ọkọ̀, akọ̀wé náà sì sá síbẹ̀. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Abẹ, nítorí ahọ́n rẹ̀.

"Akọ̀wé," ni Abẹ wí, "ṣebí àwa lò ń kọ láti ìjọ́ yìí. Kà á ká gbọ́."

Ó lè sọ pé kò tíì parí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ dùn mọ́ ọn, ó sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun mọ nǹkan tí òun ń ṣe. Ó gbé fóònù sójú.

"'Bí ariwo ìlú bá ti sú yín, ẹ wá síbi tí igi ti ga kan ọ̀run, tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń kí yín káàbọ̀.'"

"Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wo?" ni Abẹ bi í. "Ṣé èyí tí a ń dákẹ́ fún ẹ yẹn ni?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ò ládùn.

"'Ọlọ́yàyà ni àwọn ará abúlé. Wọn kì í bínú.'"

"Irọ́ ni," ni apẹja kan sọ jẹ́jẹ́. "Èmi ń bínú."

Ó ń kà á lọ. "'Ilẹ̀ òfìfo sì pọ̀ lọ jàra ní òdìkejì odò, ó ń dúró de ẹni tó máa fi ṣe nǹkan gidi.'"

Àáké dúró.

"Ilẹ̀ òfìfo wo nìyẹn?" Bàbá ló sọ̀rọ̀.

"Èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn, bàbá. Mo débẹ̀. Igbó ló hù sí i, kò sẹ́ni tó ń dáko níbẹ̀."

"A dáko níbẹ̀ títí ó fi rẹ ilẹ̀. A wá fi í sílẹ̀ kó sinmi. Bó o bá bá mi níbi tí mo sùn sí, ṣé wàá kọ ọ́ pé mo ti kú, kí wọ́n wá pín ẹrù mi?"

Akọ̀wé tún ọ̀rọ̀ náà wò lójú fóònù.

"Yọ ọ́ kúrò," ni bàbá wí.

"Bàbá, iṣẹ́ mi ni. Bí mo bá yọ ọ́, kí ni wọ́n fẹ́ wá rà?"

Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Òjò ṣì ń rọ̀, àfi bí wọ́n ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí òjò pa wọ́n ju kí wọ́n bá a dúró lábẹ́ òrùlé kan náà lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọ̀gá fi dé, tòun ti tọkọtaya olówó kan. Ọ̀gá ń nàka síhìn-ín, ó ń nàka sọ́hùn-ún: ilé àlejò níbí, ibi ìgbafẹ́ lọ́hùn-ún. Àwọn ará abúlé tò sí etí bèbè, wọn ò kí wọn, wọn ò sì kúrò. Ìyàwó olówó náà wò wọ́n títí, ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Ó yíjú sí akọ̀wé.

"Wọ́n ní ọmọ ibí ni ẹ́. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá rà á?"

Ọ̀rọ̀ dídùn ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó rántí bí wọ́n ṣe rìn jáde sínú òjò nítorí òun, ó sì gbé e mì.

"Mi ò ní rà á, mà. Àwọn tó dúró yẹn ló nilẹ̀. Bí ẹ bá kọ́lé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kí yín títí ẹ ó fi kó lọ. Mo ti gbé àárín wọn wò. Kò dùn."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín àrínfín kí wọ́n tó wọkọ̀. Nígbà tí tọkọtaya náà ti jókòó sọ́kọ̀ láìra ilẹ̀, ó yíjú padà sí i, ojú rẹ̀ pọ́n. "Orí ẹ ti dàrú! Èmi pẹ̀lú ẹ ti parí. Jẹ́ kí àwọn èèyàn ẹ gbé ẹ délé." Ẹ́ńjìnnì bú, ọkọ̀ lọ, ó ku òun nìkan sétí omi.

Ó gun òkè padà. Kò ní purọ́ fún ara rẹ̀, ó ń retí pé ẹnì kan á fà á mọ́ra. Bàbá ti padà sídìí iṣẹ́.

"O rò pé a máa pàtẹ́wọ́ fún ẹ?" ó bi í. "Ẹni tó dáná sunlé, tó tún wá pariwo iná, a ò ní sọ pé kò pariwo. Ṣùgbọ́n òun ló dáná. Ọ̀gá ẹ á padà wá, á mú akọ̀wé míì dání. A ó máa retí ẹ̀."

Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti rojọ́. "Ṣé mo rán ẹ níbẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì pa fóònù.

Bó ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń nu imú, ìyàwó agbẹ́kọ̀ jáde, ó ju korobá sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Àlejò ni mò ń pọn omi dè. Ìwọ kì í ṣe àlejò mọ́. Ọmọ ilé tó ṣẹ̀ wá ni ẹ́. Dìde."

Ó dìde. Èrò pọ̀ nídìí kànga, ó sì tò sẹ́yìn wọn. Kò pẹ́ tí Abẹ dé pẹ̀lú ìkòkò omi rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí èèyàn, ó sì dúró síwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni akọ̀wé wí, "èmi ni mo kọ́kọ́ dé."

"Ta ni ìwọ?"

"Ọmọ àbúrò agbẹ́kọ̀ ni mí, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn."

Abẹ pòṣé, ó bú u, ó bú ìyá rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì padà sẹ́yìn.