Ohun Tí Kọ̀nténà Ò Lè Rí

Ìlà méjìlá kú lẹ́ẹ̀kan náà lójú Ọláfimíhàn.

Wọ́n ṣì ń jó lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìpẹ́ yìí, aláwọ̀ ewé, ìlà kọ̀ọ̀kan fún yàrá aláìsàn kan ní ilé ìwòsàn kan ní Morrow, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Lójijì, wọ́n di aláwọ̀ eérú. Kò tíì gbé kọfí rẹ̀ kalẹ̀ tí fóònù fi dún. Aunty Eunice ni, àbúrò ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn náà, ẹni tó gbà á sílé ní Redan láti ọjọ́ tó ti dé láti Ìbàdàn.

“Fimí, kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ wa? Screen wa dúdú kalẹ̀! A ò rí heartbeat ẹnikẹ́ni mọ́. Àwa mẹ́ta péré la wà lórí shift yìí o.”

“Aunty, ẹ jọ̀ọ́, mo ń wò ó.”

Ó mọ ẹni tó ṣe é. Òun ni.

Yàrá aláìsàn kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀ nínú sẹ́fà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba ìròyìn láti ilé ìwòsàn, ètò kọ̀ọ̀kan sì ń gbé inú àpótí tirẹ̀ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kọ̀nténà. Kò yẹ kí ọ̀kan rí ti èkejì. Ṣùgbọ́n láti oṣù méjìdínlógún ni gbogbo wọn ti ń rí gbogbo káàdì nẹ́tíwọ̀kì, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà wọlé, tó wà nínú sẹ́fà, bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé wo ilé onílé. Olè tó bá wọ ọ̀kan ti mọ ọ̀nà gbogbo wọn. Òun ló fi han John, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Òun ló bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Láàárọ̀ yìí ló ti fèrèsé náà, ó fi yàrá méjìlá ti Morrow bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òun rò pé omi lòun dà.

John ti dúró lẹ́yìn rẹ̀. “Ṣí i padà.”

“Àfi kí n pa sẹ́fà kí n tún un tan. Ogójì yàrá mìíràn ló wà lórí rẹ̀. Gbogbo wọn á ṣókùnkùn.”

John wo aago. “Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, màá pa á.”

Físà tó fi ń gbé Amẹ́ríkà so mọ́ iṣẹ́ yìí. Kò tiẹ̀ ráyè rò ó. Ó wọ inú kọ̀nténà kan. Káàdì rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí ètò náà béèrè lọ́wọ́ kẹ́nẹ́ẹ̀lì, ọkàn kọ̀ǹpútà tó ń pín nǹkan fún gbogbo ètò, pé, “Káàdì wo ni tèmi?”, àkọsílẹ̀ òfìfo ló nà sí i. Ó yí èyí padà. Òfìfo. Ó yí tọ̀hún. Òfìfo. Ó ṣi bọ́tìnnì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Fóònù tún dún. Ohùn Aunty ti rẹlẹ̀.

“Baba kan wà ní yàrá keje, ọkàn rẹ̀ ń fo. Ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn láyà ò ní screen tirẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń ka pulse rẹ̀. Mi ò lè fi í sílẹ̀, Fimí, mi ò sì mọ báwọn tó kù ṣe wà.”

Kò pa fóònù náà. Ó ṣáà ń kà: “Èjìdínláàádọ́rin. Ọ̀kàndínláàádọ́rin…” Nígbà mìíràn á pàdánù òǹkà, á sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Láàárín nọ́ńbà méjì ni Ọláfimíhàn ti rí i. Kẹ́nẹ́ẹ̀lì kì í wo ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀. Ẹni tó ṣí i ló ń wò. Sẹ́fà ló ti ń ṣí i fún gbogbo wọn látẹ̀yìnwá. Bí kọ̀nténà kọ̀ọ̀kan bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí tirẹ̀ láti inú ilé ara rẹ̀, á rí káàdì tirẹ̀, kò sì ní rí ti ẹlòmíràn.

Ìlà àṣẹ mẹ́ta ló kọ. John kà á, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọláfimíhàn tẹ bọ́tìnnì tó fi í ṣiṣẹ́.

Yàrá kìíní tàn. Ìkarùn-ún. Ìkeje. Kò pẹ́ tí méjèèjìlá fi pé.

Aunty ṣì ń kà.

“Aunty. Ẹ wo screen.”

“Ó ti dé,” ó ní, ohùn rẹ̀ sì já.

“Baba náà ńkọ́?”

“Ó wà. Ó ń bú mi pé mo di ọwọ́ òun mú jù.”

Ọláfimíhàn bú sẹ́rìn-ín, omi sì dà lójú rẹ̀. “Kí lorúkọ wọn?”

“Ìyẹn ò ṣeé sọ, Fimí, òfin ò gbà á. Aláìsàn ni. O mọ̀.”

Ó fẹ́ wí pé òun kì í ṣe àlejò, pé láti oṣù méjìdínlógún lòun ti ń ṣọ́ yàrá náà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lásán ló ti ń ṣọ́.

“Ẹ má sọ ọ́, Aunty,” ó ní. “Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Lójú rẹ̀, ìlà keje ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ó jókòó tì í fúngbà pípẹ́, bí èèyàn ṣe ń jókòó ti ẹni tí òun kò ní mọ̀ láéláé.